Lẹ́tà Mẹ́jọ sí Ìyá Onígíláàsì

Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ kan tí baba náà jẹ tegungun-tegungun, èmi gan-an ni. Ìwọ tó ń ka èyí, bí ọ̀rọ̀ kan bá wà lọ́kàn rẹ tí o fẹ́ bá ẹnì kan sọ, gbé ìwé yìí sílẹ̀ ná, lọ sọ ọ́. Tí o bá ti sọ ọ́ tán, kí o padà wá bá mi.

Ilé iṣẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ń ta fóòmù àti ìrọ̀rí. Ẹni tó bá wo ọjà wa lórí ayélujára lè fi àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ sílẹ̀, èmi ni mo sì ń kọ àwọn lẹ́tà tó máa kọ́kọ́ rí gbà. Ojú ń kán ọ̀gá wa. Ó fẹ́ kí n kọ "Ẹ wá ra fóòmù" sí wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Mo ní, "Sà, bí ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí bá kan ilẹ̀kùn yín, tó ní kí ẹ kówó wá, kí lẹ máa ṣe?"

"Màá tú ajá sí i."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí wọn, sà."

Bí mo ṣe ṣòfin ara mi nìyẹn: lẹ́tà mẹ́jọ, a ò sì ní ta ohunkóhun nínú méje àkọ́kọ́. Nínú ìkíní, mo máa ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yí fóòmù padà kí apá kan má baà jìn. Nínú ìkejì, mo máa ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń sùn, ẹni tó bá sì dáhùn, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń fèsì. Nínú ìkẹta ni mo ti ń jẹ́wọ́ àbùkù wa: irú fóòmù kan wà lọ́dọ̀ wa tí kò dáa fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, kí wọ́n má rà á. Kó tó di ìkẹjọ, àwọn fúnra wọn ló máa ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè ra nǹkan. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi ń kọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Mo máa kó wọn sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì máa fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, yálà mo wà níbi iṣẹ́ tàbí mo ń ṣàìsàn. Ọjà tà débi pé ọ̀gá sọ mí ní Ìyá Sùúrù, orúkọ náà sì mọ́ mi lára.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbà gbọ́ títí dòní ni pé n kì í purọ́ fún wọn. Gbogbo ohun tí mo bá kọ ló máa ń jẹ́ òtítọ́ lọ́jọ́ tí mo bá kọ ọ́.

Níbi iṣẹ́ yẹn ni mo ti pàdé Onígíláàsì. Àkàbà àwọn akunlé ló fọ́ fèrèsé iwájú ilé iṣẹ́ wa, òun ni wọ́n sì pè. Ó wọn àlàfo fèrèsé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún padà lọ wọ̀n ọ́n.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, fèrèsé yẹn ò sálọ o."

Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Gíláàsì ò mọ ẹ-jọ̀ọ́-ẹ-má-bínú. Bí mo bá ti gé e, ó ti gé nìyẹn."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀. Kí n má parọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn, gbogbo rẹ̀ àpá tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tún dé, ó ní òun gbàgbé pẹ́ńsù òun.

"Pẹ́ńsù yín ló wà létí yín yẹn."

"Mo mọ̀," ló wí, ó sì jókòó.

Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn, ó lọ sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́. Bàbá rẹ̀, tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ wíwa ọkọ̀ ojú irin, ní kí wọ́n mú ọmọ náà wá. Ìyá rẹ̀, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìntì, ní òun ò fẹ́.

Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló ń ṣe alárinà wa. Onídìrí ni, gbogbo wa ń pè é ní Àǹtí. Nígbà tó ń ya irun mi ló ń rò ó fún mi, tó ń fi kóòmù gún mi lórí bíi pé èmi ni mo bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun.

"Ó bi wá pé iṣẹ́ wo lò ń ṣe. Ọmọkùnrin yìí ní ò ń kọ lẹ́tà tó ń jẹ́ káwọn èèyàn ra ọjà. Yéè! Ọ̀rọ̀ bàjẹ́ níbẹ̀. Ó ní ẹlẹ́nu dídùn kan ti wọ ilé òun rí, òun ò fẹ́ ìkejì."

Mo mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ìyàwó àkọ́bí wọn ni. Ó ti ń pe Tíṣà ní "ìyá mi, ìyá mi" kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, nígbà tó di ọdún kejì, òun àti ọkọ rẹ̀ ti kọjá sókè òkun. Láti ìgbà yẹn, ọdún mẹ́fà, àkọ́bí náà ò pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù rí.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n lọ bẹ̀ wọ́n."

"Dákẹ́ níbẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi yẹn, tó bá ti sọ pé rárá lẹ́ẹ̀mejì, kò ní yí i padà títí ayé, tíṣà ni. Ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Má tíì béèrè. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ṣé ẹ rí i? Èmi tí mo ti fẹ́ràn sùúrù tẹ́lẹ̀, wọ́n tún wá gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo padà délé, mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Ta ni Tíṣà? Ẹni tí kò mọ̀ mí, tí ẹnì kan ti tàn jẹ rí, tó ti ti ilẹ̀kùn. Irú wọn ni mò ń kọ̀wé sí lójoojúmọ́. Mo gba àdírẹ́sì ímeèlì wọn lọ́wọ́ Onígíláàsì. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú kan, mo kọ lẹ́tà mẹ́jọ sí ìyá ẹni tí mo nífẹ̀ẹ́, mo sì kó wọn sínú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ wa. Ìkẹjọ nìkan ni mo ti béèrè.

Ọkàn mi sọ fún mi pé nǹkan yìí ò dáa. Mo dá a lóhùn pé, "Irọ́ wo ló wà níbẹ̀?"

Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, mo kí wọn, mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo ní mi ò tọrọ nǹkan kan. Wọn ò fèsì. Nínú ìkejì, mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe máa ń mú ọmọ tó bá ń purọ́ ní kíláàsì. Èsì wọn dé ní ìlà mẹ́ta: "Mo máa ń ní kó tún un sọ. Òpùrọ́ kì í rántí. O gbàgbé àmì ìbéèrè ní ìlà karùn-ún." Mo fi èsì náà han Onígíláàsì, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Mo fèsì fún wọn lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́tà kẹta ló ṣe é. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún wọn pé bàbá tèmi náà jẹ́ ẹlẹ́nu dídùn. Ó máa ń ṣèlérí bàtà fún mi, ó máa ń fi okùn wọn ẹsẹ̀ mi. Ó fi okùn náà sápò, ó jáde, kò padà wá mọ́. Mo ní ìdí nìyẹn tí èmi náà fi ń bẹ̀rù ẹnu ara mi.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni èsì dé. "Mo ti ka lẹ́tà rẹ. Mo kà á fún bàbá wọn. Wá kí wa ní Sátidé."

Mo lọ. Yàrá ìgbàlejò wọn mọ́ tónítóní, ìwé ìròyìn wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá. Tíṣà fúnra wọn ló gbé omi fún mi. Wọ́n jókòó sí iwájú mi, wọ́n káwọ́ sórí itan, wọ́n ń wò mí. Bàbá náà ń wò mí. Mo sọ̀rọ̀ ìrọ̀rí. Ẹ gbọ́ mi o, mo sọ bí ìrọ̀rí tó ga jù ṣe ń pa ọrùn lára fún odidi wákàtí kan.

Nígbà tí Bàbá ń sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró. "Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan kan tí o fẹ́ bá wa sọ?"

Ẹnu mi ti là. Mo rántí pé orí lẹ́tà kẹta la ṣì wà.

"Kò sí o, sà. Mo kàn ní kí n wá kí yín ni."

"Ó dáa," ni wọ́n wí, wọ́n sì rọra ti géètì.

Onígíláàsì bínú sí mi lọ́jọ́ náà. "Wọ́n ti pè ọ́ wálé, wọ́n fún ọ lómi, wọ́n jókòó tì ọ́. Kí lo tún ń dúró dè?"

"Wọn ò tíì ṣetán. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

"Ìyá mi kì í ṣe oníbàárà o."

"Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré, ìwọ náà ní sùúrù."

Mo lọ ní Sátidé kejì, mo lọ ní ìkẹta. Ní Sátidé kejì, Tíṣà ní kí n bá wọn to àwọn ìwé wọn àtijọ́. Ní ìkẹta, wọ́n fi fọ́tò àkọ́bí wọn hàn mí, wọ́n sunkún díẹ̀, mo di ọwọ́ wọn mú. Mo ti fẹ́ràn wọn nígbà yẹn. Mi ò fẹ́ràn wọn nítorí ọmọ wọn mọ́, mo fẹ́ràn wọn nítorí ara wọn. Mo tilẹ̀ ń gbèrò láti lọ da àwọn lẹ́tà tó kù nù kí n máa fi ẹnu bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní tó bá di Ọjọ́ Ajé. Nígbà tó di Ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ pọ̀.

Ní Ọjọ́rú, àyà dun Bàbá, wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo débẹ̀. Tíṣà jókòó sórí àga gígùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àǹtí wà lápá kan, wọ́n ní kí èmi jókòó sí apá kejì. Onígíláàsì ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, dókítà jáde sí wa, ó sọ ohun tí àwọn dókítà máa ń sọ. Bàbá ti lọ.

Tíṣà ò pariwo. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n fún un bíi pé wọ́n fẹ́ fún omi jáde lára rẹ̀. "Má fi mí sílẹ̀ o, ọmọ mi," ni wọ́n wí. Èmi ni wọ́n pè bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì.

Fóònù wọn dún nínú báàgì.

Wọ́n gbé orí sókè. Ìrètí tó wà lójú wọn, Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún rí irú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni," ni wọ́n sọ fún Onígíláàsì. "Ó ti gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ fún un. Bá mi kà á."

Ó yọ fóònù jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè kó tó mọ ohun tó ń kà:

"Ẹ kú àárọ̀ o, mà. Mo jókòó sídìí fèrèsé ọ́fíìsì mi báyìí, ẹ̀yin àti Bàbá ni mò ń rò. Mo gbọ́ pé aago mẹ́wàá ni Bàbá máa ń ka ìwé ìròyìn sí yín létí. Kí ni wọ́n rí kà lónìí? Ẹ bá mi kí wọn, ẹ ní kí wọ́n rọra máa pariwo."

Àǹtí ní, "Jésù!"

Tíṣà wo fóònù. Wọ́n wo ọwọ́ mi tó wà nínú tiwọn. Wọ́n wá fi ọwọ́ náà sílẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n gbé e lé mi lórí itan bí ohun tí wọ́n yá.

"Ta ló kọ ọ́?" Ohùn kíláàsì ni wọ́n fi bi mí.

"Èmi ni, mà."

"Nígbà wo?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mà."

"O ò tíì mọ ilé wa nígbà yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ̀rọ ló ń fi wọ́n ránṣẹ́."

"Mélòó ni gbogbo rẹ̀?"

"Mẹ́jọ, mà."

"Èyí tí o ti sọ̀rọ̀ bàbá rẹ ńkọ́? Tí okùn àti bàtà?"

"Òótọ́ ni, mà! Mo fi Ọlọ́run búra, òótọ́ ni."

"Mi ò bi ọ́ bóyá òótọ́ ni. Ọjọ́ wo lo kọ ọ́?"

"Ọjọ́ kan náà, mà."

Wọ́n mi orí bíi pé ìdáhùn mi tọ̀nà. "Kí ló wà nínú èyí tó kẹ́yìn?"

Onígíláàsì ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀."

"Mò ń bá ọmọ kan sọ̀rọ̀. Kí ló wà nínú ìkẹjọ?"

"Ìbéèrè ni, mà."

"Kà á fún mi."

"Mà, ẹ dákun..."

"O fẹ́ kí n gbọ́ ọ. Mo ti ṣetán. Kà á."

Mo kà á. Mo ṣí fóònù mi, mo sì kà á ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, tí òkú Bàbá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Mà, gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, mi ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ lónìí. Ẹ jẹ́ kí n di ọmọ yín. Ẹ bá mi bẹ Bàbá, kí wọ́n gbà." Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá dúró gbọ́ ọ. Nígbà tí mo kà dé ibi tí mo ti ní kí àwọn méjèèjì ní ẹ̀mí gígùn, Tíṣà gbé ọwọ́ sókè, mo dákẹ́.

"O ṣeun," ni wọ́n wí. "Ó ti tó. Máa lọ sílé."

Mi ò lọ síbi ìsìnkú. Àǹtí ló ní kí n má wá.

Lẹ́yìn oṣù kan, mo lọ bá Onígíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti rù. Ó ń nu dígí ńlá kan, a sì ń wo ara wa nínú rẹ̀, nítorí kò yíjú sí mi.

"Mo ti yọ àwọn lẹ́tà tó kù kúrò nínú ẹ̀rọ yẹn," mo wí.

"Ó dáa."

"Mi ò fi ẹ̀rọ kọ nǹkan kan sí ọ rí. O mọ̀ bẹ́ẹ̀, àbí?"

Ó nu dígí náà títí. "Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ sọ fún mi pé o nífẹ̀ẹ́ mi," ló wí, "ìkelòó nìyẹn?"

Mo sunkún, mo bú u, mo gbé fóònù fún un pé kó yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Kò gbà á.

"Mo gbà ọ́ gbọ́," ló wí. "Bí o ṣe dúró síbẹ̀ yìí, mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá délé, tí mo bá rí àga Bàbá mi, màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ rẹ ní ìkíní, ìkejì. Bàbá mi bi ọ́ léèrè lẹ́nu géètì. Ó bi ọ́. O ní kò sí."

"Mò ń ní sùúrù ni!"

"Mo mọ̀. Jọ̀ọ́, máa lọ, kí n má ṣi dígí yìí wọ̀n."

Mo dúró dè é fún oṣù márùn-ún. N kì í kọ̀wé sí i, n kì í pè é. Àǹtí ń ya irun mi, kò sì dárúkọ wọn mọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé ìbínú á rọlẹ̀, pé Tíṣà kórìíra mi báyìí, pé wọn ò tilẹ̀ fẹ́ràn mi rí, torí náà kò sí ohun tí mo pàdánù. Ohun tí mo fi ń sùn nìyẹn.

Ní oṣù kẹfà, ọ̀gá ní sùúrù mi ti tó gẹ́ẹ́, kí a fi lẹ́tà ẹ-wá-ra-ọjà ránṣẹ́ sí gbogbo orúkọ tó wà nínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà. A fi ránṣẹ́. Kó tó di ọ̀sán, èèyàn mẹ́tàdínlógún ti yọ orúkọ wọn kúrò. Bí ẹnì kan bá ń kúrò, ẹ̀rọ máa ń bi í pé kí ló dé, àyè kékeré kan sì wà tó lè kọ èsì sí. Èmi ni mo máa ń ka àwọn èsì náà. "Ẹ ń yọ mí lẹ́nu." "Mi ò mọ̀ yín." "Mo ti ní fóòmù." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe rí.

Mo ti gbàgbé pé inú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ni mo kó àdírẹ́sì Tíṣà sí. Tiwọn ló gbẹ̀yìn, gbogbo àmì rẹ̀ sì pé pérépéré:

"Mo ti gbà láti orí lẹ́tà kẹta. Ọjọ́ náà gan-an ni mo sọ fún bàbá wọn pé kí ọmọ wa fẹ́ ọ. Ó ní kí n tètè pè ọ́ kí n sọ fún ọ. Èmi ni mo ní kí ó dúró, kí o fi ẹnu ara rẹ béèrè. Sátidé mẹ́ta ni bàbá wọn fi wọ aṣọ tó dára dè ọ́."